Olùkọ́ 34, ilé-ìwé mẹ́fà, netiwọ́ọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀: báwo la ṣe máa kọ́ ara wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Òkè-Ògùn, ọdún kejìdínlógún rèé lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe alákòóso ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ilé-ìwé mẹ́fà tó sún mọ́ra, àwa olùkọ́ 34 lápapọ̀. Wọ́n ní kí á máa fi ayélujára ṣe é, torí kò sówó mọ́ láti máa kó wa lọ sí ìlú. A ti dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀ láti oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n “ẹ káàárọ̀”, àdúrà àti fọ́tò ìnáwó ló kún ibẹ̀. Olùkọ́ 11 ni kò ní fóònù tó lè gbé WhatsApp. Ọ̀kan nínú wa, ojú ti ń dùn ún, kò lè kàwé mọ́. Nínú kíláàsì tèmi, ọmọ méjì ni kò gbọ́ràn rárá. Abúlé méjì wà tí netiwọ́ọ̀kì kì í dé àfi tí èèyàn bá gun òkè. Ọmọ ìlú wa kan tó wà l'Ékòó ti ṣèlérí tábúlẹ́ẹ̀tì 20 fún wa. Áàpù wo ni kí á gbé sórí wọn? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ọ̀rọ̀ áàpù máa kẹ́yìn nínú ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ, kì í ṣe pé mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lẹ́tà yín ti sọ ohun tó ṣòro gan-an: oṣù mẹ́rin lẹ ti wà lórí ìlà kan náà, ẹ ò sì tíì bá ara yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Bí a bá gbé áàpù mìíràn wá, “ẹ káàárọ̀” yẹn náà ló máa bá wa lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣojú mi. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo ń bá àwọn olùkọ́ kan ṣiṣẹ́, àwa méje péré la wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń kọ́ píráméríì márùn-ún, ya fọ́tò ojú ewé kan nínú ìwé ọmọ kan, ó fi ránṣẹ́. Ìṣirò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ½ + ⅓. Ọmọ náà ti kọ 2/5. Bírò pupa ti fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀. Olùkọ́ náà wá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé: “Ọmọ 27 nínú 41 ló kọ èyí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣàlàyé. Ó ti sú mi.”

Ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn ní àwọn ọmọ ò fọkàn sílẹ̀ ni. Ẹnìkejì ní kó padà lọ kọ́ wọn ní ìlànà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí obìnrin kan tó ń kọ́ píráméríì mẹ́ta ní abúlé kan tó fi ohùn ránṣẹ́, kò ju ogójì ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bi wọ́n pé bí mo bá ní ìdajì búrẹ́dì lọ́wọ́, tí ẹ tún wá bù kún un fún mi, ṣé ó yẹ kí tọwọ́ mi wá kéré sí ìdajì tí mo ní tẹ́lẹ̀?”

Ẹ wo 2/5 yẹn dáadáa. Kò tó ìdajì. Àwọn ọmọ 27 yẹn fi nǹkan kún ìdajì, ó sì dín kù mọ́ wọn lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó yà lẹ́nu nínú wọn, torí pé àwọn nọ́ńbà orí àti ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n rí, wọn ò rí búrẹ́dì. Gbogbo wa tí a jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, àwa náà ò rí búrẹ́dì títí obìnrin yẹn fi sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà ra búrẹ́dì gígùn kan, ó gbé e sórí tábìlì níwájú kíláàsì, ó fi ọ̀bẹ sàmì sí i ní ọgbọọgba mẹ́fà. Ìdajì, ẹyọ mẹ́ta. Ìdámẹ́ta, ẹyọ méjì. Ó gba ohùn kíláàsì sílẹ̀ fún wa, a sì ń gbọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń ké pé “márùn-ún nínú mẹ́fà!” Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ó kọ̀wé pé ọmọ mẹ́sàn-án ṣì ń ṣe àṣìṣe náà, kí ló kù tí òun lè ṣe? Lákòókò yẹn, àwọn méjì mìíràn nínú wa ti lọ yẹ ìwé àwọn ọmọ tiwọn wò, wọ́n bá 2/5 níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ nìyẹn, Ìyá. Fọ́tò kan, ohùn tí kò tó ìṣẹ́jú kan, ìlà ọ̀rọ̀ mélòó kan. Netiwọ́ọ̀kì kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó kàn gbé ìwé ọmọ kan láti ilé-ìwé kan dé iwájú ẹni tó lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Japan ti ń ṣe irú èyí láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń pè é ní jugyō kenkyū: wọ́n á jọ múra ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀, ọ̀kan á kọ́ ọ, àwọn yòókù á wò ó, wọ́n á jọ jókòó tú u palẹ̀, wọ́n á sì tún un kọ́. Ohun tí ayélujára lè fún yín ni pé kí ẹ máa ṣe é láìwọ mọ́tò.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe pẹ̀lú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn ọmọ ya wọ ilé-ìwé, olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ kò sì kárí. Nígbà tí wọ́n wá dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1959, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wà lára ìdí rẹ̀: kí olùkọ́ tó mọṣẹ́ kan dúró síwájú kámẹ́rà, kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíláàsì máa wò ó. Fún ìgbà yẹn, èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n a ò tíì kúrò níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí ayélujára tí wọ́n ń pè yín sí lónìí, tẹlifíṣọ̀n náà ni: ẹnìkan á sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, àwọn tó kù á pa ohùn wọn, wọ́n á máa dá iná ọbẹ̀. Wákàtí kan irú ìpàdé orí fídíò bẹ́ẹ̀ lè jẹ dátà tó 800 mẹ́gábáìtì lórí fóònù ẹnìkọ̀ọ̀kan, nígbà tí ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún tí a gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp kì í sábà ju mẹ́gábáìtì kan lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Zoom, áàpù ìpàdé orí fídíò, dẹ́rù bà yín.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì fún yín pẹ̀lú, kí ẹ má bàa rò pé mo ń ta ọjà. Ní ìpínlẹ̀ Mpumalanga ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn olùṣèwádìí gbé ọ̀nà méjì kalẹ̀ fún àwọn olùkọ́ kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ tó ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn ilé-ìwé kan, ẹni tó dáńtọ́ nínú iṣẹ́ ń wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ kíláàsì, ó ń jókòó, ó ń wò, ó ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀. Nínú àwọn mìíràn, tábúlẹ́ẹ̀tì àti fóònù ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Lẹ́yìn ọdún kan, àǹfààní ọ̀nà méjèèjì jọra. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò lójúkojú ti gba iwájú kedere. Àwọn ọmọ tí olùkọ́ wọn ń gba ìtọ́sọ́nà láti òkèèrè jèrè díẹ̀ nínú sísọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò jèrè nínú kíkà á, ìwé kíkà ní èdè abínibí wọn sì lọ sílẹ̀.

Mo ti ronú sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó jọ pé àkókò èdè abínibí làwọn olùkọ́ bù sínú Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó wà nínú kíláàsì láti rí i. Nǹkan méjì ni mo mú níbẹ̀ fún yín. Ẹ má gbà kí fóònù rọ́pò ìpàdé ojúkojú pátápátá: kí àwọn ilé-ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pàdé lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, ní ilé-ìwé tó wà láàárín, kí ẹnìkan kọ́ ẹ̀kọ́ kan lójú gbogbo yín. Èkejì ni pé kí ẹ máa fi iṣẹ́ Yorùbá àwọn ọmọ ránṣẹ́ bí ẹ ṣe ń fi ti ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́. Ohun tí a kì í gbé síwájú ara wa ló máa ń kọ́kọ́ sọnù.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìṣètò. Ẹ fi ẹgbẹ́ ńlá ẹlẹ́ni 34 yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìkíni àti àdúrà ní àyè tiwọn, ìnáwó náà ní tirẹ̀, ọmọlúàbí kì í fi ìkíni ṣeré. Ẹ kàn dá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni márùn-ún sí méje, gẹ́gẹ́ bí kíláàsì tí wọ́n ń kọ́, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé wọn. Kí olùkọ́ píráméríì kìíní ní ilé-ìwé yín wà pẹ̀lú olùkọ́ píráméríì kìíní abúlé orí òkè. Ìṣòro kan náà ni wọ́n ń bá fà á. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní lọ́sẹ̀: ẹnìkan á fi iṣẹ́ ọmọ kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè tòótọ́, àwọn yòókù á dáhùn, ẹni náà á padà wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó gbìyànjú rẹ̀ nínú kíláàsì. Bí kò bá padà wá sọ, ẹ pè é. Apá tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń já nìyẹn.

Nígbà wo ni kí wọ́n dáhùn? Ẹ fún wọn ní odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá fẹ́ràn “gbogbo yín, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lórí ìlà”, ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ló máa lé àwọn abúlé méjèèjì yẹn síta. Olùkọ́ tí kò sí netiwọ́ọ̀kì lọ́dọ̀ rẹ̀ lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú WhatsApp nílé, kó tẹ̀ ẹ́ kó lọ. Á dúró síbẹ̀ títí fóònù á fi rí netiwọ́ọ̀kì lọ́jọ́ ọjà tàbí lọ́jọ́ ìsinmi, á sì lọ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi ọjọ́ ọjà yín ṣe òǹkà, dípò wákàtí, kò sẹ́ni tó máa pẹ́ dé.

Ní ti àwọn 11 tí kò ní fóònù ńlá, ẹ fi ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ṣe ẹnìkejì ẹni tó ní, nínú ilé-ìwé kan náà. Wọ́n á jọ gbọ́, wọ́n á jọ dáhùn, ohùn ẹni tí kò ní fóònù ni kó sì máa lọ lákọ̀ọ́kọ́. Mo tẹnu mọ́ ìyẹn, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ni fóònù láá máa sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ẹ lè pe ìpè àpapọ̀ lórí fóònù kékeré. Ènìyàn mẹ́rin sí márùn-ún ń gbà sórí ìpè kan láìsí dátà rárá. Ẹ má fojú kéré ìpè lásán. Ní Botswana, nígbà tí wọ́n ti ilé-ìwé pa ní 2020, wọ́n fi iṣẹ́ ìṣirò ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí fóònù: àwọn tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò jèrè tó nǹkan, àwọn tí wọ́n tún pè lórí fóònù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sẹ̀ jèrè gidi. Ohùn èèyàn tó ń bi ọ́ léèrè pé “báwo lo ṣe rí i?” lágbára.

Mo wá dé ibi tó jẹ mí lógún jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ dárúkọ olùkọ́ tí ojú ń dùn àti àwọn ọmọ méjì tí kò gbọ́ràn nínú gbólóhùn méjì kúkúrú, bí ẹni tó ń ka ìṣòro. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti èmi ti ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ gbogbo ètò náà.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni ọ̀nà tó rọrùn jù fún olùkọ́ tí kò ríran dáadáa. Fọ́tò ìwé ọmọ, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn tán lókè, ògiri ni fún un. Fún ẹni tí kò gbọ́ràn, ìdàkejì rẹ̀ ni: fọ́tò á wọlé, ohùn ò ní wọlé. Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀kan tì í mọ́ èkejì. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yín ní òfin kan tí kò ní yẹ̀: ohunkóhun tí a bá fi ránṣẹ́, ọ̀nà méjì ni kó gbà. Ẹni tó fi fọ́tò ránṣẹ́ á fi ohùn tẹ̀ lé e: “Ìwé Píráméríì Méjì ni, ọmọ náà kọ ‘ọkọ́’ síbi tó yẹ kó kọ ‘ọkọ̀’, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe é.” Ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́ á tẹ ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á dà bí ìyọlẹ́nu. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé sísọ ohun tó wà nínú fọ́tò jáde lẹ́nu ló ń mú kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ wo ìwé ọmọ náà dáadáa. Èmi gan-an ti rí ọ̀pọ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣàpèjúwe fọ́tò lọ́wọ́ ni ìdáhùn dé bá wọn.

Fóònù Android olùkọ́ yẹn ti ní ohun tó ń kàwé síta nínú: TalkBack ni orúkọ rẹ̀, ẹ wá a ní ìsọ̀rí Accessibility nínú Settings. Bó bá ń lo kọ̀ǹpútà Windows, NVDA, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí kò ríran ní Ọsirélíà, Michael Curran àti James Teh, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, torí pé irú rẹ̀ tí wọ́n ń tà wọ́n ju agbára àwọn èèyàn lọ. Ẹ jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ kan, torí bí ìka ṣe ń rìn lójú fóònù máa yí padà pátápátá, ó sì máa ń kó ìpayà bá ẹni tó bá dá nìkan bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún mọ èyí: ohùn Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù, ó sì ń ka Yorùbá bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Àmì ohùn àti àmì ìdí lè dà á láàmú débi tí á fi máa pe lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ní Yorùbá, ohùn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sàn fún un ju ohun tí ẹ tẹ̀ lọ. Kí ẹ má sì ka ọgbẹ́ni tàbí ìyá yẹn sí ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ nìkan. Ẹni tó ti fi etí kọ́ bí ọmọ ṣe ń kàwé máa ń gbọ́ àṣìṣe tí àwa tó ń wo ojú ìwé kì í gbọ́. Ẹ máa fi ohùn àwọn ọmọ tó ń kàwé ránṣẹ́ sí i, kó máa sọ ohun tó gbọ́ fún yín.

Àwọn ọmọ méjì yẹn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Uruguay ní Gúúsù Amẹ́ríkà ná. Ní 2007, orílẹ̀-èdè kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀ ètò Ceibal, tó fún ọmọ ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ píráméríì ní Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sì kárí. Láti 2012 wọ́n dá a báyìí: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan á yọ lójú amóhùnmáwòrán ńlá nínú kíláàsì, nígbà mìíràn láti orílẹ̀-èdè mìíràn pàápàá. Ní ìgbà méjì tó kù lọ́sẹ̀ náà, olùkọ́ kíláàsì gan-an, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ló ń bá àwọn ọmọ tẹ̀ ẹ́ síwájú. Àwọn olùkọ́ méjèèjì á sì jọ sọ̀rọ̀ láti pète ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀kan mọ èdè, èkejì mọ ọmọ. Olùkọ́ kíláàsì ń kọ́ èdè náà bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń kọ́ ọ, lójú wọn, kò sì tijú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yá lọ́wọ́ wọn nìyẹn, kì í ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì o, fún èdè àfọwọ́sọ. Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí yín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó máa ń kọ́ àwọn adití. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ bẹ̀ wọ́n fún olùkọ́ kan tàbí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan tó máa máa fi fídíò kéékèèké ránṣẹ́ sí yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: àmì ọwọ́ mẹ́wàá péré, èyí tó bá ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà mu, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọ́jú wọn sórí mẹ́mórì káàdì, kò ní jẹ dátà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin àti gbogbo kíláàsì lẹ máa jọ kọ́ ọ, kì í ṣe àwọn ọmọ méjì yẹn nìkan. Ọmọ adití tó bá jẹ́ òun nìkan ló mọ èdè àfọwọ́sọ nínú kíláàsì, kò tíì ní ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀.

Èdè tí wọ́n máa kọ́ yín ní ìtàn nílẹ̀ wa. Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ló wá dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1960, lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Gánà ní 1957. Èdè àfọwọ́sọ Amẹ́ríkà ló gbé wá, ipa rẹ̀ sì ṣì hàn gbangba nínú bí àwọn adití wa tó lọ ilé-ìwé ṣe ń sọ̀rọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, fídíò ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ẹ bá rí lórí YouTube lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ọwọ́ kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní ohunkóhun, ẹ bi ìyá wọn pé àmì wo ni wọ́n ń lò nílé fún omi, fún oúnjẹ, fún ìyà. Wọ́n ní èdè kan tẹ́lẹ̀, ilé ni wọ́n ti dá a. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìwé òyìnbó lórí ẹ̀kọ́ àjọkọ́ kì í sábà mẹ́nu bà. Láàárín wa, ọmọdé kì í tọ́ka àṣìṣe àgbà ní gbangba. Olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ò ní sọ fún hẹdímásítà tó ti lo ọdún 30 pé ọ̀nà tó ń gbà kọ́ ìṣirò ń dà àwọn ọmọ lójú rú. Á kọ “ẹ ṣeun, sà”, á sì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí ẹ rí tó dákẹ́, ọ̀wọ̀ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Mi ò ní kí ẹ pa ọ̀wọ̀ tì. Ọ̀nà tó ti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni pé kí àgbà kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ni alákòóso, ẹ ti lo ọdún méjìdínlógún. Kí ìwé àkọ́kọ́ tó máa lọ sínú ẹgbẹ́ jẹ́ ti kíláàsì yín, ẹ̀kọ́ tó dà rú mọ́ yín lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí: “Mo kọ́ èyí, kò yé wọn, ẹ bá mi wò ó.” Nígbà tí àgbà bá bẹ ọmọdé pé kó bá òun wo nǹkan, ọmọdé ti gba àṣẹ láti sọ̀rọ̀, kò sì rí ẹni fín. Kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ní ẹgbẹ́ tiwọn lọ́tọ̀. Kí wọ́n má wà nínú ti àwọn tíṣà tí wọ́n ń kọ ìròyìn nípa wọn.

Ẹ má ya ojú ọmọ. Ìwé nìkan ni kí ẹ yà, kí ẹ bo orúkọ. Nàìjíríà ti ní òfin ààbò ìsọfúnni ará-ẹni láti 2023, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní kò sófin, ọmọ tó kọ 2/5 kò rán ẹnikẹ́ni pé kó fi òun han gbogbo àgbègbè.

Dátà ńkọ́? Ẹ má gbà kó máa jáde lápò tíṣà. Owó mọ́tò tí wọ́n ní kò sí mọ́, ẹ bi wọ́n pé mélòó nínú rẹ̀ ló máa padà wá bíi dátà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní nọ́ńbà, ẹ fi lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá ń béèrè fún ti àwọn ọmọ adití, ẹ rán wọn létí òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019. Ẹ̀tọ́ lẹ ń béèrè.

Ó ku tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbà á, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ìlú yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Peru, níbi tí ìjọba ti pín kọ̀ǹpútà alágbèéká tó lé ní 800,000 fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní àwọn ilé-ìwé ìgbèríko, èsì rẹ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2012 fi hàn pé kọ̀ǹpútà pọ̀, àwọn ọmọ ń lò ó, ṣùgbọ́n ìṣirò àti èdè wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò rí gbà. Ẹ̀rọ dé, ẹ̀kọ́ kò yí padà. Èmi náà ti wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé kan rí, tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù hàn mí: ọgbọ̀n tábúlẹ́ẹ̀tì, ọ̀rá wọn ṣì wà lára wọn. Wọ́n ti sọ fún un pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òun ló máa san án. Ṣé èmi gan-an á yọ ọ́ síta tó bá jẹ́ èmi? Kí ọmọ ìlú yín kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun èlò ni, ó sì lè bàjẹ́ níbi iṣẹ́.

Ẹ pín mẹ́ta fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, kí méjì dúró lọ́dọ̀ yín fún ìgbà tí ọ̀kan bá kú. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ṣájà sólà mẹ́fà kún un. Bó bá jẹ́ pé owó kò tó méjèèjì, kó dín tábúlẹ́ẹ̀tì kù, kó ra sólà.

Áàpù wá nìyí: Kolibri. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó fi í sórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ ó sì lọ kún un pẹ̀lú ẹ̀kọ́ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Bí ẹ bá padà dé abúlé, àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí á máa kà á láti ara rẹ̀ lórí Wi-Fi, láìsí dátà, láìsí netiwọ́ọ̀kì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé ẹ lè gbé ẹ̀kọ́ tiyín gan-an sínú rẹ̀. Fún ìwé kíkà, ẹ lọ sí African Storybook, tí àjọ Saide ní Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀. Ìtàn Yorùbá wà níbẹ̀, òfin wọn sì gbà yín láyè láti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, láti tún un kọ, àti láti kọ tuntun. Ní ìpàdé ojúkojú àkọ́kọ́ yín, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan mú ìtàn kan wá láti ìlú tirẹ̀, kí àwọn ọmọ ya àwòrán rẹ̀, kí olùkọ́ tí ojú ń dùn yẹn fi ohùn rẹ̀ kà á sílẹ̀.

Ẹ má dúró de tábúlẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba iṣẹ́ àwọn ọmọ, ẹ mú ìwé kan tí ìdáhùn inú rẹ̀ ń ya ẹ̀yin gan-an lẹ́nu. Ẹ fi àtàǹpàkò bo orúkọ rẹ̀, ẹ yà á, ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ jáde lẹ́nu. Bí ojú bá ń tì yín láti fi í sínú ẹgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi.